Ọ̀rọ̀ Tó Ń Ti Ọwọ́ Bọ́ Sí Ọwọ́: Ẹ̀rọ àti Ìbánisọ̀rọ̀ Àwọn Oníṣẹ́ Abẹ ní Lomé

Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ilé ìwòsàn ńlá ní Lomé máa ń gba ọwọ́ èèyàn púpọ̀ kọjá kó tó padà sílé. Bí ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan bá gbé ẹnì kan ṣubú lójú títì tí egungun itan rẹ̀ sì dá, àwọn ará pàjáwìrì ni yóò kọ́kọ́ gbà á. Wọn yóò gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò egungun, dókítà egungun yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó ń fi oògùn kun èèyàn lóorun yóò bi í léèrè ohun tó jẹ àti oògùn tó ń lò, yàrá àyẹ̀wò yóò sọ irú ẹ̀jẹ̀ tó ní, àwọn tó ń se irinṣẹ́ yóò pèsè irin tí wọ́n máa fi mú egungun náà pọ̀. Nọ́ọ̀sì yàrá iṣẹ́ abẹ yóò gbà á wọlé, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù yóò sì gbà á padà. Níbi gbogbo tí aláìsàn ti pààrọ̀ ọwọ́ yìí, ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a lọ. Fóònù, ẹ̀rọ ayárabíàṣá, ojú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n kàn mọ́ ògiri àti ìlànà tó so gbogbo wọn pọ̀ ni ètò ìbánisọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ọ̀rọ̀ yẹn má já bọ́ lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ sì ń já bọ́ ju bí àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ náà ṣe rò lọ. Ní 2004, Lorelei Lingard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto gbé ìwádìí kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti jókòó sínú yàrá iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n ń kọ gbogbo ìgbà tí òṣìṣẹ́ kan bá bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ iṣẹ́ sílẹ̀. Nínú ìgbà 421, ọ̀rọ̀ kùnà nígbà 129, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Òmíràn pẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́, bíi kí dókítà máa bèèrè bóyá wọ́n ti fún aláìsàn ní oògùn apakòkòrò nígbà tí wọ́n ti la ara tipẹ́. Òmíràn kò pé. Òmíràn ni wọ́n sọ nígbà tí ẹni tó yẹ kó gbọ́ kò sí níbẹ̀. Òmíràn sì wà tí gbogbo èèyàn gbọ́, tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí.

Ní Áfíríkà, ó jọ pé ibi tí ìkùnà yìí ti ń pa èèyàn jù kì í ṣe orí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ìwádìí ńlá kan tó jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet ní 2018, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ African Surgical Outcomes Study, tọpa aláìsàn 11,422 ní ilé ìwòsàn 247 ní orílẹ̀-èdè 25. Togo wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Benin àti Nàìjíríà. Ìdá 2.1 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló kú, ìlọ́po méjì iye tó ń kú káàkiri àgbáyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn kéré lọ́jọ́ orí tí ara wọn sì le ju ti àwọn aláìsàn ibòmíràn lọ. Nínú àwọn tó kú, ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá tí ikú wọn dé lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Dókítà ti bọ́ ìbọ̀wọ́, iṣẹ́ ti dára, ṣùgbọ́n ní wọ́ọ̀dù, lóru, ẹ̀jẹ̀ ń dà díẹ̀díẹ̀ nínú tàbí ibà ń gorí ibà, ẹni tó rí i kò sì sọ ọ́ fún ẹni tó lè wá nǹkan ṣe sí i, tàbí ó sọ ọ́ tí kò yé onítọ̀hún.

Ilé ìwòsàn ìkọ́ni méjì ló ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà ní Lomé: CHU Sylvanus Olympio, tí ọ̀pọ̀ ará ìlú ṣì ń pè ní CHU Tokoin, àti CHU Campus tó wà lẹ́bàá Yunifásítì Lomé. Ìkànìyàn 2022 fi hàn pé èèyàn tó wà ní Togo lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sì kọjá agbára ilé ìwòsàn ìlú rẹ̀ lè bá ara rẹ̀ ní Lomé, kódà kó jẹ́ láti Dapaong tó jìnnà ju 600 kìlómítà lọ. Èdè tún wà nínú rẹ̀. Faransé ni wọ́n fi ń kọ fáìlì. Ewe tàbí Mina ni nọ́ọ̀sì àti aláìsàn sábà fi ń sọ̀rọ̀. Ará Kara ní àríwá lè máà gbọ́ ju Kabiyè lọ. Ìyá Yorùbá tó ti ń tajà ní ọjà Assigamé láti ogún ọdún gbọ́ Mina ọjà dáadáa, ó lè fi ná aṣọ kó sì fi bú èèyàn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi í bóyá oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kì í gbà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Yorùbá nìkan ni ìdáhùn tó péye yóò ti jáde. Ohun tí nọ́ọ̀sì fi Mina gbọ́, tó fi Faransé kọ, tí dókítà wá kà lórí ìdúró, ti paradà lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé yàrá iṣẹ́ abẹ.

Orúkọ aláìsàn gan-an kò ṣe é gbójú lé. Láàárín àwọn Ewe, ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ló ń sọ ọ́ lórúkọ: ọkùnrin ọjọ́ Àìkú ni Kossi, ti ọjọ́ Ajé ni Kodjo, ti ọjọ́ Ẹtì ni Koffi, obìnrin ọjọ́ Ẹtì ni Afi, ti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Ama. Wọ́ọ̀dù tó bá ní ọgbọ̀n ibùsùn lè ní Koffi ju ẹyọ kan lọ. Bí wọ́n bá dúró lẹ́nu ọ̀nà pe “Koffi!”, èèyàn méjì lè dáhùn, ẹni tí oògùn ìrora ti ń kùn lóorun sì lè dáhùn sí orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn Yorùbá mọ irú ìṣòro yìí láti ọ̀nà mìíràn: Táíwò àti Kẹ́hìndé jọ ní orúkọ bàbá kan, wọ́n jọ ní ọjọ́ ìbí kan, nítorí náà ọjọ́ ìbí tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ayé fi ń ya aláìsàn kan sọ́tọ̀ sí èkejì kò ran ìbejì lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà fi jẹ́ ohun àkọ́kọ́ nínú ètò orí ẹ̀rọ. Aláìsàn gba nọ́ńbà kan ṣoṣo ní ọjọ́ tó wọlé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára okùn tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́wọ́, pẹ̀lú àmì onílà tí fóònù lè kà. Fọ́tò egungun, èsì ẹ̀jẹ̀, ìwé oògùn, gbogbo rẹ̀ ń wọlé sábẹ́ nọ́ńbà yẹn. Ètò tó bá fi orúkọ bẹ̀rẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ òsì bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn nọ́ńbà ni ìdúró mẹ́ta tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là kalẹ̀ ní 2008: kí gbogbo èèyàn dúró kí wọ́n tó fi oorun kun aláìsàn, kí wọ́n dúró kí ọ̀bẹ tó kan ara, kí wọ́n sì dúró kí aláìsàn tó kúrò nínú yàrá. Ìwé kan ló ní ìbéèrè 19 tí wọ́n pín sí ìdúró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ta ni aláìsàn yìí? Ibo ni wọ́n fẹ́ là? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nílẹ̀? Kí ni orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú yàrá, kí sì ni iṣẹ́ rẹ̀? Ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ tí wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, tí ti Ifakara ní Tanzania jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, iye tó ń kú wálẹ̀ láti ìdá 1.5 sí ìdá 0.8 nínú ọgọ́rùn-ún, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009 ṣe sọ. Kò pẹ́ tí ìwé náà fi tàn kálẹ̀. Nígbà tí Africa Mercy, ọkọ̀ ojú omi tó jẹ́ ilé ìwòsàn, gúnlẹ̀ sí Cotonou láàárín 2016 sí 2017, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ilé ìwòsàn Benin ní bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ọkọ̀ yìí kan náà ti gúnlẹ̀ sí èbúté Lomé ní 2010 àti 2012.

Ìtàn kan wá láti Ontario ní Kánádà tó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ gbé ìwé yìí sórí ẹ̀rọ mọ̀. Ìjọba ibẹ̀ sọ ìdúró mẹ́ta náà di dandan, gbogbo ilé ìwòsàn ní àwọn ń ṣe é, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olùwádìí wo ilé ìwòsàn 101 ní 2014, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ikú tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó jọ pé wọ́n ń fa ìlà sí àpótí, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lórí ẹ̀rọ, ìlà fífà tún wá rọrùn sí i. Bí wọ́n bá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì fún ẹnì kan ní igun yàrá tó ń tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” ní ìgbà 19 lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí, àkọsílẹ̀ yóò dára lójú ọ̀gá, aláìsàn kò sì ní jẹ èrè kankan níbẹ̀. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ìbéèrè yọ lójú ògiri ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi tó ohun tí ẹni tó ti bojú lè kà láti ibi tó dúró sí, kí nọ́ọ̀sì kà á sókè, kí ẹni tí ìbéèrè kàn sì fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn kí òmíràn tó yọ. Iṣẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀ ni láti dá wọn dúró. Àwọn ni yóò sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ní tòótọ́, ẹ̀rọ tó ti wà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tipẹ́ kì í ṣe ojú ògiri. WhatsApp ni. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ rẹ̀. Dókítà kékeré tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru ya fọ́tò egungun tó dá, ó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá tó wà nílé, ọ̀gá fi ìka tọ́ka síbi tí wàhálà wà, ó sì di pé wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n máa ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́. Dókítà Kara lè bá ti Lomé sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ tó gbéra, kí wọ́n má baà gbé aláìsàn wá sí ibi tí kò ti sí ibùsùn. Ní ilé ìwòsàn St Mary's ní London, wọ́n fi WhatsApp ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 19 láàárín àwọn oníṣẹ́ abẹ pàjáwìrì, ìwádìí tó tẹ̀lé e ní 2015 sì rí i pé ó mú kí àwọn ọmọṣẹ́ lè bi àwọn ọ̀gá ní ìbéèrè láìbẹ̀rù. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń pe olórí ẹ̀ka ní patron, tí ọmọdé kì í sì í ja àgbà lọ́rọ̀ gbà. Nọ́ọ̀sì tí kò lè sọ lójú gbogbo èèyàn pé “ẹsẹ̀ òsì kọ́, ọ̀tún ni” lè kọ ọ́ ránṣẹ́.

Àléébù rẹ̀ kò fara sin. Ìkìlọ̀ nípa ẹni tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ń rì sábẹ́ ìkíni ọjọ́ ìbí, àdúrà òwúrọ̀ àti fídíò ìṣeré. Fọ́tò ọgbẹ́ aláìsàn ń wọ inú fóònù tí ọmọ dókítà fi ń gba géèmù nílé. Ẹni tó ti kúrò ní ẹ̀ka náà láti ọdún méjì ṣì wà nínú ẹgbẹ́, ó ń ka gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ kò sì wọ fáìlì, tó fi jẹ́ pé ní òwúrọ̀, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ òru bá ń ròyìn fún àwọn ti ọ̀sán níbi ìpàdé tí wọ́n ń pè ní staff, ìpinnu tí wọ́n ṣe ní aago mẹ́ta òru wà nínú fóònù ẹni tó ti lọ sùn. Òfin Togo nọ́ńbà 2019-014 ti ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá 2019, tó wà fún ààbò ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ èèyàn, ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ èyí tó gba ìṣọ́ra jù lọ, ó sì dá àjọ IPDCP sílẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ. Kíkà WhatsApp léèwọ̀ lásán kì í sábà ṣiṣẹ́, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ yóò ṣì máa lò ó lábẹ́lẹ̀. Ohun tó ń lé e kúrò ni kí ilé ìwòsàn pèsè ohun tó yá tó o: ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ tó so mọ́ nọ́ńbà aláìsàn, tí fọ́tò rẹ̀ kì í dúró sínú fóònù, tó sì ń wọ fáìlì fúnra rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ṣe pàtàkì ju ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí lọ. Àpẹẹrẹ kan tó wọ́pọ̀ rèé, ní aago méjì òru: “Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Aláìsàn ibùsùn 7 kò fi bẹ́ẹ̀ gbádùn.” Dókítà jí, ó kà á, ó dáhùn pé “Ó dáa, ẹ máa wò ó,” ó sì padà sùn. Nọ́ọ̀sì rò pé òun ti ké sí i. Dókítà rò pé kò sí nǹkan púpọ̀. Àwọn méjèèjì ti ṣe iṣẹ́ wọn lójú ara wọn. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ìlera Kaiser Permanente yá ìlànà kan lò láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi tó ń wa ọkọ̀ abẹ́ omi, láti fi wo irú àrùn yìí. Ní 2014, àjọ ìlera Faransé tí wọ́n ń pè ní HAS gbé irú rẹ̀ jáde ní èdè tí wọ́n ń lò ní Lomé, wọ́n pè é ní SAED: Situation, Antécédents, Évaluation, Demande. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ báyìí? Kí ló ti ṣẹlẹ̀ sí i tẹ́lẹ̀? Kí ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rò pé ó jẹ́? Kí ló ń fẹ́? Nọ́ọ̀sì kan náà, lórí ìlànà yìí, yóò kọ pé: “Ibùsùn 7. Ìfúnpá rẹ̀ ti wálẹ̀ sí 85 lórí 50, ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 128 ní ìṣẹ́jú kan. Ìfun rẹ̀ ni ẹ ṣe lánàá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá wò ó báyìí.” Ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń gbé dókítà dìde. Lórí ẹ̀rọ, ó rọrùn láti ya ojú-ìwé sí mẹ́rin kí ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ má lọ bí èyíkéyìí bá ṣófo, kí fóònù sì máa dún títí ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yóò fi tẹ̀ ẹ́ pé òun ń bọ̀. Bí kò bá dáhùn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kó bọ́ sọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀lé e.

Ètò ọjọ́ iṣẹ́ abẹ kò gba àlàyé gígùn. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ kì í mọ̀ pé ẹni kejì ti ní ibà ní òwúrọ̀. Tó bá wà lórí ẹ̀rọ, àyípadà kan ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń se irinṣẹ́, ẹni tó ń fi oorun kun èèyàn àti wọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan náà. Bahmni, ètò fáìlì aláìsàn tí wọ́n kọ́ lé orí OpenMRS, ètò ọ̀fẹ́ tó gbérí ní Eldoret ní Kenya, ní ojú-ìwé tirẹ̀ fún ètò yàrá iṣẹ́ abẹ. DHIS2 tí Togo ń lò yàtọ̀: ìṣirò fún ìjọba ló wà fún, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀bá ibùsùn. Àwọn kan sì wà tí àwọn tó ń ṣe ètò yìí láti òkèèrè kì í rántí, ìyẹn àwọn ẹbí. Ní Lomé, ẹbí ló máa ń di ìwé oògùn mú lọ ra òwú, okùn ìránṣọ ara, ìbọ̀wọ́ àti omi tí wọ́n ń fà sára, ẹbí kan náà ni wọ́n sì máa ń rán nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá di ọ̀ràn. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan sórí fóònù ẹbí náà, tó sọ ohun tó kù láti rà àti aago tí wọ́n fẹ́ ẹ, lè gba iṣẹ́ abẹ kan lọ́wọ́ ìsúnsíwájú.

Àbójútó lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló ṣòro jù. Ohun tó dà bí ìdáhùn ni kí nọ́ọ̀sì máa wọn ìfúnpá, èémí, ìlù ọkàn àti ìgbóná ara lóòrèkóòrè, kí ẹ̀rọ fi máàkì sí i, kó sì kígbe bí máàkì bá ga. Àwọn olùwádìí African Surgical Outcomes Study dán ohun tó sún mọ́ ọn wò, wọ́n ní kí ilé ìwòsàn máa ṣọ́ àwọn tí ewu wọn pọ̀ ní ìṣọ́ àrà ọ̀tọ̀. Èsì tó jáde ní 2021 láti ilé ìwòsàn 332 ní orílẹ̀-èdè 28 fi hàn pé iye tó ń kú kò dín kù. Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Rírí nǹkan kò tó níbi tí nọ́ọ̀sì kan ti ń ṣọ́ ogún èèyàn lóru. Ìkìlọ̀ tí kò ní ẹni tó máa dìde sí i, ariwo lásán ni. Nítorí náà, kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ tó ń fi máàkì sí ara, ó yẹ kí wọ́n ti kọ orúkọ ẹni tó ń jẹ́ ìpè ní òru kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà rẹ̀ àti ti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Iná àti íntánẹ́ẹ̀tì ló kù. Okùn abẹ́ òkun Equiano ti Google gúnlẹ̀ sí Lomé ní oṣù kẹta 2022, íntánẹ́ẹ̀tì ìlú náà sì ní ọ̀nà tó gbòòrò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ìjọba ti pa á rí ní oṣù kẹsàn-án 2017 nígbà ìwọ́de, ní oṣù kẹta 2024 sì ni okùn mẹ́rin já lẹ́ẹ̀kan náà nítòsí Abidjan, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè agbègbè náà wà nínú òkùnkùn. Ilé ìwòsàn tó bá gbé gbogbo ọ̀rọ̀ aláìsàn rẹ̀ sí ẹ̀rọ tó wà ní òkè òkun kò ní rí i kà lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń tọ́jú fáìlì gbọ́dọ̀ wà nínú ọgbà, kí fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì máa bá a sọ̀rọ̀ lórí Wi-Fi ilé ìwòsàn láìgba ìta kọjá, kí bátìrì àti sòláà gbé e dúró nígbà tí iná bá lọ, kí bébà SAED tí kò ní nǹkan kan lára sì wà nínú àpótí ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan.

Gbogbo èyí lówó lórí, ilé ìwòsàn ìjọba kò sì ní lè ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni owó ká, kí wọ́n fi ojú ògiri yàrá iṣẹ́ abẹ sílẹ̀ ná. Kí wọ́n gbé fóònù kan tó ní sòláà lọ sí wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń gbé aláìsàn lọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì òru ní SAED, kí orúkọ dókítà tó máa gbé ìpè sì wà lára ògiri níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.